Bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 18 ṣe lè bẹ̀rẹ̀ sí í gun alùpùpù l'Ábújà láì rú òfin

Kò sí láísẹ́ǹsì fún ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18 ní Nàìjíríà, ì báà jẹ́ ti mọ́tò tàbí ti alùpùpù. Ọ̀pọ̀ òbí ní Kubwa, Lugbe àti Nyanya ló mọ èyí, síbẹ̀ wọ́n á ní kí ọmọ ọdún 15 fi alùpùpù bàbá rẹ̀ lọ rọ gáàsì wá, torí pé inú àdúgbò lásán ni. Inú àdúgbò náà wà lábẹ́ òfin ìrìnnà. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kọ lu èèyàn, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò lè kọ̀ láti sanwó, ọrùn ẹni tó ni alùpùpù sì ni ẹjọ́ máa wà.

Ṣùgbọ́n ọdún méjì mẹ́ta tó ṣáájú ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ lọ lásán. Kẹ̀kẹ́ ológeere tí ọmọ ń gùn lọ sílé ìwé ti ń kọ́ ọ ní ohun tó le jù nínú gígun alùpùpù: kó máa wo ọ̀nà tó jìn, kó bojú wẹ̀yìn kó tó yà, kó mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ ṣílẹ̀kùn mọ́tò kò rí òun. Ó lè mọ àmì ojú pópó lámọ̀tán. Ó lè jókòó ti mẹkáníìkì kó wo bí wọ́n ṣe ń mú ṣéènì le, bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Bí ẹ bá sì rí ilẹ̀ àdáni tó ní ọgbà yíká, tí ẹni tó ni ín fọwọ́ sí i, ó lè kọ́ klọ́ọ̀ṣì, ìyẹn lẹ́fà ọwọ́ òsì tó ń ya ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà, níbẹ̀ lójú àgbàlagbà. Títì ni kò gbọ́dọ̀ bọ́ sí.

Ìwé tirẹ̀ àti ìwé alùpùpù

Ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, fọwọ́ sí ni ìwé ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní alùpùpù tí wọ́n fi ń kọ́ni, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Nígbà tí ọmọ bá ṣì ń kọ́ṣẹ́, ìwé ìgbàyè akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò máa mú rìn, àmì L yóò sì wà níwájú àti lẹ́yìn alùpùpù. Bó bá parí, ilé ẹ̀kọ́ á fún un ní ìwé ẹ̀rí, yóò sì lọ ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò. Ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní DRTS ló ń bójú tó wọn l'Ábújà. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò fi nọ́ńbà NIN rẹ̀ béèrè láísẹ́ǹsì lórí ìkànnì FRSC, yóò yan ti ọdún mẹ́ta tàbí ti márùn-ún, yóò sanwó, FRSC yóò sì gba àwòrán ojú àti ìtẹ̀ka rẹ̀. Ó lè kọ́kọ́ gba ìwé onígbà díẹ̀ kí káàdì gan-an tó jáde.

Ohun tó sábà máa ń dá èèyàn padà ni pé orúkọ tàbí ọjọ́ ìbí tó kọ sínú fọ́ọ̀mù kò bá ti NIN mu. Ẹni tó ń jẹ́ Adéwálé nílé ìwé tó sì ń jẹ́ Wálé lórí NIN, kó lọ tún NIN ṣe ná. Àṣìṣe kejì wọ́pọ̀ láàrin àwọn tó ti ń wa mọ́tò: láísẹ́ǹsì alùpùpù ní kíláàsì tirẹ̀, kíláàsì A. Kíláàsì B tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń wa mọ́tò kò fún un láṣẹ láti gun alùpùpù. Ẹni tó bá sì ní òun lè gbà á wá láìjẹ́ pé ọmọ náà yọjú síbi kankan, ayédèrú ló fẹ́ tà fún yín.

Alùpùpù náà nílò nọ́ńbà, ìwé ọkọ̀ àti ìbánigbófò tó ń bo ẹlòmíì. Láti 2023, ₦3,000 lọ́dún ni iye ìbánigbófò yìí fún alùpùpù. Bí ẹ bá ń ra èyí tí ẹnìkan ti gùn rí, ẹ fi nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin lọ́rùn alùpùpù, àti ti ẹ́ńjìnnì, wé èyí tó wà nínú ìwé. Bí wọ́n bá ti fi fáìlì họ ojú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Ọ̀rọ̀ òfin ìlú tún wà níbẹ̀. Láti 2006 ni ìjọba ti lé ọ̀kadà akérò kúrò láàrin ìgboro Àbújá. Ní òkè Ọya, ìjọba fòfin de alùpùpù ní Màídúgùrì ní 2011, wọ́n dá àcàbà, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀kadà akérò lọ́hùn-ún, dúró ní Kánò ní 2013, ti Kàdúná tẹ̀lé e ní 2014. Ẹni tó ń gun tirẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ kì í ṣe ọlọ́kadà, ṣùgbọ́n ẹni tó dá a dúró kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí ìwé yóò fi jáde. Nítorí náà, kó kó gbogbo ìwé rẹ̀ dání, kó má sì gbé ẹni tí kò mọ̀ rí. Bó bá fẹ́ rìnrìn àjò lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, kó wádìí òfin ibẹ̀ kó tó gbéra, pàápàá wákàtí tí wọn kì í fẹ́ rí alùpùpù lálẹ́.

Èwo ni kí ẹ rà?

Alùpùpù 100 sí 125 cc ló bá akẹ́kọ̀ọ́ mu. Ẹ jẹ́ kó jókòó lé e nínú ṣọ́ọ̀bù: bí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kò bá tẹ́lẹ̀ dáadáa, ó ga jù. Irú rẹ̀ wúwo tó 110 kìlógíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀, bó bá sì dà sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí ìdúró, ẹsẹ̀ tó fìdí múlẹ̀ nìkan ló lè gbé e dúró. Bajaj Boxer àti TVS pọ̀ lórí títì débi pé kò sí mẹkáníìkì tí kò ní ẹ̀yà wọn. Èyí ṣe pàtàkì ju ẹwà lọ.

Owó tó bá ṣẹ́kù, àṣíborí ni kẹ́ ẹ fi rà, kì í ṣe rédíò alùpùpù. Nígbà tí FRSC bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú àwọn ọlọ́kadà dé e ní oṣù kìíní 2009, àwọn kan ní Kánò gbé igbá dé orí, àwọn mìíràn dé ìkòkò. Ẹ̀rín ni gbogbo ayé rín nígbà náà, àmọ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ń dé lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju igbá lọ: ike fẹ́lẹ́ tí kò ní nǹkan kan nínú ju aṣọ. Fóòmù funfun tó le, tó wà láàrin ike àti aṣọ, ló ń ṣiṣẹ́. Bí orí bá kan ilẹ̀, fóòmù náà á rún, yóò gba agbára ìkọlù dípò ọpọlọ. Ẹ̀ẹ̀kan ló lè rún. Ìdí nìyẹn tí àṣíborí tòkunbọ̀ fi léwu, nítorí pé fóòmù tó ti rún kì í hàn síta. Kí ọmọ dé e, kó so okùn ìsàlẹ̀ àgbọ̀n kó ku àyè ìka méjì, kó mi orí sọ́tùn-ún sósì: awọ ojú gbọ́dọ̀ bá a lọ. Bí àṣíborí bá ń yí tí ojú dúró, ó tóbi jù.

Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ló yẹ, kì í ṣe sálúbàtà. Ẹni tó bá wọ agbádá tàbí hìjáàbù gígùn, kó ká a jọ kó tó gùn ún, nítorí pé ṣéènì àti sípóòkù máa ń wé aṣọ mọ́ra, wọn á sì fa ẹni tó wọ̀ ọ́ lulẹ̀. Sálẹ́ńsà wà lápá ọ̀tún nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù wa. Apá òsì ni kó ti máa gùn ún, apá òsì ni kó ti máa sọ̀.

Pápá kó tó kan títì

Ibi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń sáré jù nìyí. Wọ́n á fi jíà hàn án, wọ́n á ní kó máa lọ. Klọ́ọ̀ṣì nìkan ṣì tó iṣẹ́ ọjọ́ méjì.

Bí ọwọ́ òsì bá fa klọ́ọ̀ṣì wọlé, ẹ́ńjìnnì àti táyà ẹ̀yìn ti pínyà. Bó bá jọ̀wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó débì kan tí ohùn ẹ́ńjìnnì á rẹlẹ̀, tí alùpùpù á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ rìn. Ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ mọ̀. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, nínú jíà kìíní, kó má yí iná, ìyẹn ọwọ́ ọ̀tún tí a ń yí kí ẹ́ńjìnnì lè sáré, rárá. Kó jọ̀wọ́ klọ́ọ̀ṣì títí alùpùpù á fi gbé ìṣísẹ̀ kan, kó fà á padà, kó dúró. Kó ṣe é títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ ibẹ̀ láì wò ó. Ẹ́ńjìnnì á kú lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ jẹ́ kó kú. Ẹni tó ń bẹ̀rù kí ẹ́ńjìnnì má kú ló máa ń yí iná ní àyípọ̀jù, tó wá jọ̀wọ́ klọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan náà, tí alùpùpù á sì fò. Bó bá sì ti fò, ara á sún sẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún á tún yí iná sí i láìmọ̀. Oògùn rẹ̀ ni kó rẹ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ nígbà tó bá di ọwọ́ mú, kí ẹnikẹ́ni sì kọ́ ọ pé bí ẹ̀rù bá bà á, klọ́ọ̀ṣì ni kó kọ́kọ́ fà.

Ẹ wo ìlànà jíà alùpùpù yín kó tó bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn kan, gbogbo jíà ni a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ síwájú. Nínú àwọn mìíràn, jíà kìíní ni a ń tẹ̀ sísàlẹ̀, ìyókù ni a ń gbé sókè. Ẹni tó fi èyí kọ́ṣẹ́ tó wá yá tọ̀hún gùn lè bọ́ sí jíà kìíní lórí eré.

Ìrìn jẹ́jẹ́ ló kàn: kó máa yípo láàrin kóònù méjì bí nọ́ńbà 8, klọ́ọ̀ṣì ní àbọ̀, ẹsẹ̀ lórí bíréèkì ẹ̀yìn díẹ̀. Ojú rẹ̀ ni kó fi darí. Ibi tí ojú ń wò ni alùpùpù ń lọ. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ kòtò yóò wọ kòtò.

Bíréèkì ni ohun tí a máa ń gbọ́ ẹ̀kọ́ òdì nípa rẹ̀ jù. Àwọn ọlọ́kadà á ní kó má fọwọ́ kan ti iwájú, pé ó ń dáni nù. Òótọ́ ni pé ó ń dáni nù lórí yanrìn, àti nígbà tí alùpùpù bá ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ń lọ tààrà lórí ọ̀dà gbígbẹ, ìwúwo alùpùpù máa ń sún síwájú bí a bá ti ń dúró, táyà iwájú sì ni yóò di ilẹ̀ mú. Ti ẹ̀yìn á fúyẹ́, á sì yọ̀. Nítorí náà, méjèèjì papọ̀: kó fún ti iwájú pẹ̀lú ìka méjì díẹ̀díẹ̀, kó má já a gbà. Kó máa fi 20, lẹ́yìn náà 30 kìlómítà ní wákàtí kọ́ ọ títí yóò fi dúró níbi tó sọ pé òun á dúró.

Ìṣirò tó yẹ kó wà lórí rẹ̀ nìyí. Ní 50 kìlómítà ní wákàtí, alùpùpù ń lọ mítà 14 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ọmọ bá lo ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó tẹ bíréèkì, tí bíréèkì sì gba nǹkan bíi mítà 16, ọgbọ̀n mítà ti lọ. Ní 80, ó ti ju mítà 60 lọ, bẹ́ẹ̀ ni eré ò ì tí ì pé ìlọ́po méjì.

Oṣù àkọ́kọ́ lórí títì

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló dára, kí ọjà tó kún. Kó má kọ́kọ́ lọ sí títì Kubwa tàbí títì pápákọ̀ òfuurufú, níbi tí mọ́tò ti ń sáré. Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tó bá wọn rìn ni tirẹ̀. Inú ìgboro, 50 kìlómítà ni òfin fi mọ. Kó má rìn ní ẹ̀gbẹ́ tírélà níbi tí kò ti lè rí dígí rẹ̀, nítorí pé bí òun kò bá rí dígí, dẹ́rẹ́bà náà kò lè rí òun.

Yanrìn etí títì kì í tán nílẹ̀ Hausa, ó sì pọ̀ jù níbi tí ọ̀nà erùpẹ̀ ti bọ́ sí ọ̀dà. Kó dẹ eré kó tó dé ibẹ̀, kó má fọwọ́ kan bíréèkì lórí rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, iná iwájú gbọ́dọ̀ máa tàn lọ́sàn-án, kó sì ṣí fíltà afẹ́fẹ́ wò lóṣooṣù. Bí eruku bá di í, ẹ́ńjìnnì á máa jẹ epo, kò sì ní lágbára. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn ló ń yọ̀ jù, torí ọ́ìlì tó ti kó jọ sórí ọ̀dà. Kó dúró síbì kan fún ìgbà díẹ̀ kí òjò fọ̀ ọ́ lọ.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó wọn afẹ́fẹ́ táyà nígbà tó bá tutù. Ìwọ̀n 25 sí 28 PSI níwájú àti 28 sí 32 PSI lẹ́yìn ló bá ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré mu. Ẹ tẹ̀lé ti ìwé tirẹ̀. Ṣéènì yẹ kó ní ìrọra tó sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta láàrin. Bó bá le jù, béárìn á bàjẹ́; bó bá rọ̀ jù, ó lè bọ́ kó sì di táyà lórí eré.

Ẹrù àti ẹni ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ yá. Ẹni ẹ̀yìn ń fa ìwúwo sẹ́yìn, ọwọ́ iwájú á fúyẹ́, bíréèkì á pẹ́ sí i kó tó mú un dúró, nítorí náà, kó ṣe é nínú pápá ná, pẹ̀lú àgbàlagbà tí kò ní máa mi ara. Ẹni kan ṣoṣo ni, òun náà yóò sì dé àṣíborí.

Bó bá ṣubú, ẹ pe 122 ti FRSC. Ẹ má yọ àṣíborí lórí rẹ̀ bó bá ń mí, nítorí ọrùn. Bó bá sì dìde láìní ọgbẹ́, kó má tíì gùn ún: kó wò ó bóyá ọwọ́ alùpùpù ṣì tọ́, bóyá lẹ́fà bíréèkì kò tẹ̀, bóyá iná tí a ń yí ń padà fúnra rẹ̀ bí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí iná kò bá padà, mẹkáníìkì ló máa tì í lọ bá.