Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó ra tòlótòló kún adìẹ yín

Ẹni tó ń sin adìẹ mẹ́wàá tàbí ogún lẹ́yìnkùlé, bó pẹ́ bó yá, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wà lára ẹyẹ mìíràn. Á fẹ́ tòlótòló nítorí ọdún Kérésì, á fẹ́ awó nítorí ẹran rẹ̀ tó ládùn, á fẹ́ pẹ́pẹ́yẹ nítorí àwọn ọmọ. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Dókítà, ṣé wọn ò ní máa bá àwọn adìẹ jà?" Wọ́n á jà díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kálukú á ti mọ ẹni tó ju òun lọ, ilé á sì tòrò. Ohun tí mo máa ń fẹ́ kí wọ́n bi mí ni ibi tí ẹyẹ tuntun náà yóò máa tẹ̀, omi tí yóò máa mu, àti orí ìgbẹ́ ta ni yóò ti máa ṣa oúnjẹ jẹ. Adìẹ tí ara rẹ̀ ń dán, tó ń yé ẹyin déédéé, lè ru ikú tòlótòló sínú ìfun láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe òun fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí tòlótòló bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn jù. Àrùn kan wà tí àwa oníṣègùn ẹranko ń pè ní blackhead. Kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ Histomonas meleagridis ló ń fà á. Tí kòkòrò yìí bá bọ́ sí ìta lásán, kì í pẹ́ tó fi ń kú. Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó ń sá sí: inú ẹyin aràn kan tó ń gbé ìfun adìẹ, Heterakis gallinarum lorúkọ rẹ̀. Adìẹ á yàgbẹ́, ẹyin aràn á bá a jáde, á wọnú ilẹ̀, á sì wà níbẹ̀ fún ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, òjò ò pa á, oòrùn ò pa á. Ekòló á gbé e mì. Tòlótòló á ṣa ekòló náà jẹ, tàbí kó ṣa àgbàdo nílẹ̀ ibi tí ẹyin aràn wà. Bí ọ̀kan bá ti kó o nínú agbo tòlótòló, kò tún nílò aràn mọ́ kó tó ran èkejì, nítorí ìdí ẹyẹ máa ń fa ohun olómi tó bá kàn án wọlé.

Bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn náà, ẹ ó rí i pé tòlótòló dá dúró sí igun, ìyẹ́ rẹ̀ wó sílẹ̀, ojú rẹ̀ ń kú lọ. Ìgbẹ́ rẹ̀ á pọ́n bí imí ọjọ́. Orúkọ àrùn yìí máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ, wọ́n á máa wo orí bóyá ó dúdú, bẹ́ẹ̀ orí lè má dúdú rárá. Ìgbẹ́ ni kí ẹ wò. Bí a bá la òkú rẹ̀, a ó rí àmì róbótó-róbótó tí àárín wọn jìn lára ẹ̀dọ̀. Nínú tòlótòló mẹ́wàá, ó lè pa mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí adìẹ tó kó o bá wọn sì máa jẹun lọ níbẹ̀.

Mi ò ní fi oògùn tàn yín. Kò sí èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà tàbí ti Yúróòpù fọwọ́ sí lónìí fún ìwòsàn àrùn yìí lára ẹyẹ tí ènìyàn máa jẹ. Oògùn tó kẹ́yìn tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà láti dènà rẹ̀, nitarsone, ni wọ́n fà kúrò lọ́jà ní ìparí ọdún 2015, nítorí májèlé arsenic tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn níbí ń lọ ra Flagyl ní kẹ́míìsì, wọ́n ń lọ̀ ọ́ sínú omi. Oògùn yẹn kò yẹ lára ẹran tó ń bọ̀ wá sínú ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n sì ti fòfin dè é fún irú ẹran bẹ́ẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí mo dárúkọ. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ lé aràn lára àwọn adìẹ kí tòlótòló tó dé. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: piperazine tó pọ̀ lọ́jà, aràn ńlá ló ń lé, kì í fi bẹ́ẹ̀ ran Heterakis. Ẹ bèèrè fenbendazole tàbí levamisole, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà ẹranko sọ ìwọ̀n tí ẹ ó lò àti iye ọjọ́ tí ẹ kò ní jẹ ẹyin àti ẹran wọn. Oògùn aràn kò sì ní mú èyí tó ti wà nínú ilẹ̀ kúrò.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ilẹ̀ ni kí ẹ wò. Àgbàlá tí adìẹ ti ń tú láti ọdún mẹ́ta kì í ṣe ibi tí a ń da tòlótòló sí. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ tí adìẹ kò dé rí, kó fi àwọ̀n wáyà yí i ká fún un. Ẹni tí kò bá ní, kó ṣe ilẹ̀ kọnkéré, kó da lẹbulẹbu pákó tuntun láti sọ́ọ̀mìlì sí i, tàbí kó kan pèpéle onígi tí ìgbẹ́ yóò máa gba àlàfo rẹ̀ jábọ́. Bàtà tí ẹ wọ̀ dé ọ̀dọ̀ adìẹ, ẹ má wọ̀ ọ́ dé ọ̀dọ̀ tòlótòló. Èyí máa ń ni àwọn ènìyàn lára, torí wọ́n gbà pé ẹyẹ ni ẹyẹ ń jẹ́. Mo mọ̀ pé kò rọrùn, mo sì mọ iye tí ọmọ tòlótòló kan jẹ́ lọ́jà báyìí.

Àwọn kan á ní, "Dókítà, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé kí a kó òròmọdìẹ sáàárín ọmọ tòlótòló kó kọ́ wọn ní oúnjẹ." Òótọ́ ni. Ọmọ tòlótòló a máa kú ní ọ̀sẹ̀ kìíní pẹ̀lú oúnjẹ níwájú rẹ̀, nítorí kò mọ̀ pé oúnjẹ ni. Òròmọdìẹ ọjọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìpamọ dé kò tíì tẹ ilẹ̀, kò tíì ní aràn, nítorí náà kò léwu bí wọ́n bá jọ wà lórí lẹbulẹbu pákó tuntun. Àgbébọ̀ ni mi ò fẹ́ ká fi ṣe olùkọ́ fún wọn. Ẹ tún lè sọ nǹkan tó ń dán sínú oúnjẹ wọn, kí ẹ gé ẹyin sísè àti ewébẹ̀ wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á ṣà á. Oúnjẹ wọn pàápàá gbọ́dọ̀ ní púrótéènì tó bí ìdá méjìdínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀, ti òròmọdìẹ kò tó bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ yan ẹyẹ kan kún adìẹ, awó ni mo máa yàn, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹtù. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni. Gbogbo awó ilé tó wà káàkiri ayé, inú igbó tiwa ni wọ́n ti wá, ooru wa ò sì dẹ́rù bà á. Blackhead lè mú un, ṣùgbọ́n kì í pa á tó bó ṣe ń pa tòlótòló. Ó ń ṣa kòkòrò àti eégbọn jẹ, bí àṣá tàbí ejò bá sì yọjú, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́. Ẹ ronú sí ọ̀rọ̀ àdúgbò yẹn dáadáa kí ẹ tó rà á, pàápàá ẹ̀yin tí ògiri yín kan ti aládùúgbò. Ohùn rẹ̀ náà lẹ ó fi mọ akọ yàtọ̀ sí abo bó bá ti dàgbà: abo nìkan ló ń ké igbe alápá méjì, akọ kì í ké e.

Akọ awó a máa fòòró àkùkọ. Á máa lé e kiri, á fà á níyẹ̀ẹ́ ìrù tu, kò sì ní jẹ́ kó débi oúnjẹ. Ọpọ́n oúnjẹ méjì tàbí mẹ́ta tó jìnnà síra ló ń mú ìyẹn rọlẹ̀, pẹ̀lú àyè tó fẹ̀. Bí ẹ bá ra àgbà awó tí ẹ sì tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó lọ nìyẹn. Ẹ sé e mọ́ ibi tí yóò máa sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó lè gbà pé ilé rẹ̀ nìyẹn. Èyí tó tún dára jù ni kí a tọ́ ọ láti kékeré pẹ̀lú òròmọdìẹ, á máa bá wọn wọlé nírọ̀lẹ́.

Ìyá awó kì í ṣe abiyamọ tó mọ ọmọ tọ́. Á kó ọmọ gba inú ìrì àárọ̀, òtútù á sì pa wọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń gbé ẹyin awó fún àgbébọ̀ pé kó sàba lé e. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù ni iye ọjọ́. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìẹ ń gbà, ti awó ń gba 26 sí 28. Bí ẹ bá kó wọn sábẹ́ adìẹ lọ́jọ́ kan náà, òròmọdìẹ á pa, ìyá á dìde tẹ̀ lé wọn, ẹyin awó á sì tutù kú síbẹ̀. Ẹyin awó ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sí i, kí ẹ fi ti adìẹ kún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ti tòlótòló ń gba ọjọ́ 28, ti pẹ́pẹ́yẹ ìbílẹ̀ wa 35, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ ìdí tí mi ò fi fẹ́ kí àgbébọ̀ tọ́ ọmọ tòlótòló.

Ọ̀rọ̀ kan tó kan awó àti tòlótòló pọ̀: ẹ ka ara àpò oúnjẹ kí ẹ tó já a. Àwọn kan nínú oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìẹ láti dènà coccidiosis, èyí tó ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, májèlé ni fún ẹyẹ mìíràn. Salinomycin lè pa tòlótòló. Monensin kò dára fún awó àti àgbà tòlótòló. Adìẹ á jẹ ẹ́, kò ní ṣe é ní nǹkan kan.

Ti pẹ́pẹ́yẹ, ọ̀rọ̀ omi ni. Ibi tí pẹ́pẹ́yẹ bá ti mu omi, ó ti di ẹrẹ̀, inú ẹrẹ̀ yẹn sì ni coccidiosis ti ń gbèrú fún adìẹ. Ẹ gbé omi wọn sí ìta, sórí òkúta tàbí àwọ̀n, kó lè máa ṣàn lọ. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ nílò niacin, ọ̀kan lára àwọn fítámì B, ju òròmọdìẹ lọ. Bí oúnjẹ òròmọdìẹ nìkan ló ń jẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wọ́, nítorí náà ẹ fi ìwúkàrà tàbí fítámì B tí wọ́n ń pò mọ́ omi kún un. Akọ pẹ́pẹ́yẹ sì wà tí kì í ní abo tó pọ̀ tó, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gun àgbébọ̀. Àkùkọ kò ní nǹkan ọkùnrin, ara ni òun àti àgbébọ̀ fi ń kan ara. Akọ pẹ́pẹ́yẹ ní in, ó sì lè ya àgbébọ̀ nínú títí tí yóò fi kú. Akọ kan sí abo mẹ́rin tàbí márùn-ún, ká sì yà wọ́n sọ́tọ̀ lálẹ́.

Pẹ́pẹ́yẹ tún lè gbé kòkòrò àrùn Newcastle, tí a ń pè ní lúkúlúkú, àti ti fúlúù ẹyẹ kiri láìṣàìsàn. Newcastle kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Láti ọdún 1953 ni wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ó jà ní agbègbè Ìbàdàn. Ní ti fúlúù ẹyẹ H5N1, oṣù Kejì ọdún 2006 ni wọ́n kọ́kọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní oko kan ní ìpínlẹ̀ Kaduna tí adìẹ, gúúsì àti ògòǹgò jọ wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2007, ó pa ọ̀dọ́bìnrin kan ní Èkó.

Àparò inú kéèjì, kéèjì ni kó wà, nínú yàrá tirẹ̀. Adìẹ a máa ran án ní àrùn, ó sì kéré jù fún àgógó adìẹ. Ẹyẹlé ń bọ́ sí ilé gbogbo ènìyàn, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó bá adìẹ mu omi kan náà. Ọ̀kín rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n blackhead ń pa òun náà, owó rẹ̀ sì ju ti tòlótòló lọ. Odídẹrẹ́ kò ní iṣẹ́ lágbàlá adìẹ rárá. Láti ọdún 2017 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko igbó, ti ka títa rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀ bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n mú nínú igbó.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó bá adìẹ yín pàdé. Adìẹ àtijọ́ ni kí ẹ máa kọ́kọ́ bọ́ láàárọ̀, kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ àlejò, kí ẹ má sì padà lọ́jọ́ náà láìfọwọ́ àti láìpààrọ̀ bàtà. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, bí kì í bá ṣe tòlótòló tàbí ọ̀kín lẹ rà, ẹ mú adìẹ kan nínú ti àtijọ́ lọ bá a gbé. Bí òun tàbí àlejò bá ṣàìsàn, ẹ ti mọ̀ kí gbogbo agbo tó mọ̀. Láàárín ìgbà náà ni kí gbogbo wọn gba àjẹsára Newcastle tó ń jẹ́ Lasota lọ́jọ́ kan náà, tàbí I-2 tó ń fara da ooru, èyí tí NVRI, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí àrùn ẹranko ní Vom, ń ṣe. Ẹ má fi omi tí wọ́n da chlorine sí pò ó, á pa àjẹsára náà. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rí ara wọn láti ẹ̀yìn àwọ̀n wáyà fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó kó wọn papọ̀ lálẹ́.

Bí ọ̀kan bá kú, ẹ di òkú rẹ̀ sínú ọ̀rá méjì, ẹ fi yìnyín yí i ká, kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn, ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tàbí èyí tó bá sún mọ́ yín. Ẹ má gbé e sínú firísà, torí bó bá ti dì, ẹran ara rẹ̀ á bàjẹ́ débi pé a lè má rí ohun tó pa á. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń kú lójijì, mẹ́ta lónìí, márùn-ún lọ́la, ẹ má dúńbú èyí tó kù, ẹ má tà á, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án. Ẹ ránṣẹ́ sí dókítà ẹranko ìjọba ìbílẹ̀ yín kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.