Bí Wọ́ọ̀dù Kẹfà ṣe gbé dókítà rẹ̀ mì

Ìlú kékeré kan ní Rọ́ṣíà, tó jìnnà gan-an sí ojú irin, ni ìtàn "Wọ́ọ̀dù Kẹfà" ti Anton Chekhov ti ṣẹlẹ̀. Ọdún 1892 ló jáde, dókítà sì ni Chekhov fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìtàn náà máa fi parí, wọ́n ti ti dókítà tó jẹ́ olórí ilé ìwòsàn ìlú náà mọ́ àárín àwọn wèrè, orí rẹ̀ sì pé.

Ilé ìwòsàn ọ̀hún ti bàjẹ́ tipẹ́. Ọ̀bẹ iṣẹ́ abẹ méjì péré ló wà níbẹ̀, tẹmómítà kò sí, ọ̀dùnkún ni wọ́n ń kó sínú ọpọ́n ìwẹ̀. Ní Wọ́ọ̀dù Kẹfà, níbi tí wọ́n ń kó àwọn wèrè sí, Nikita, sójà tó ti fẹ̀yìntì, ló ń ṣọ́ aláìsàn márùn-ún, ẹ̀ṣẹ́ ló sì fi ń tọ́ wọn sọ́nà. Dókítà Ragin, olórí ilé ìwòsàn náà, mọ̀. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kára, àmọ́ nígbà tó rí i pé ikú ò dín, ó jókòó sílé, ó ń kàwé, ó ń mu fọ́díkà. Ó wá ń sọ pé èrò ọkàn lásán ni ìrora. Ẹni tí ìyà ò jẹ rí nìkan ló lè sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó bá Gromov, ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn náà, pàdé nínú wọ́ọ̀dù náà. Ẹ̀rù ń ba Gromov pé wọ́n fẹ́ wá mú òun, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání, Ragin sì ń lọ bá a jókòó lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí. Òfófó gba ìlú. Khobotov, dókítà kékeré tí ojú rẹ̀ wà lára ipò ọ̀gá, lọ fetí kọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìgbìmọ̀ pe Ragin, wọ́n bi í pé kí ni ọjọ́ òní, pé ọjọ́ mélòó ló wà nínú ọdún. Ó dáhùn, kò sì gbà á sílẹ̀.

Ẹni tí wọ́n bá ti ń wò bíi wèrè, kò sí ohun tó ṣe tí kì í di ẹ̀rí. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀ láìjanpata, wọ́n fi kún un. Ó bínú, ó lé Khobotov àti oògùn rẹ̀ jáde, ìyẹn ló wá ká a mọ́ pátápátá. Ragin ti rí i, ó ní àìsàn òun kò ju pé, ní ogún ọdún, ọlọ́gbọ́n kan ṣoṣo lòun rí nílùú náà, wèrè sì ni.

Khobotov ní kó wá bá òun wo aláìsàn kan ní Wọ́ọ̀dù Kẹfà. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó ní òun ń lọ mú ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà wá. Kò padà. Nikita ló wọlé, ẹ̀wù aláìsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Ragin fẹ́ jáde, Nikita lù ú. Ìgbà yẹn ló yé e pé irú ìrora yìí ni àwọn aláìsàn náà ti ń jẹ lójoojúmọ́, tí òun ò sì fẹ́ mọ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àrùn rọpárọsẹ̀ pa á. Ènìyàn méjì ló sin ín: ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti Daryushka tó ń se oúnjẹ fún un.