Bí ìwé atọ́nà ṣe ń múni débi tó ṣeé lúwẹ̀ẹ́ nínú odò ní agbègbè Ṣábẹ̀

Ìwé atọ́nà tó ń júwe ibi téèyàn ti lè lúwẹ̀ẹ́ nínú odò kì í sábà parọ́, ọjọ́ kan ṣoṣo ló kàn ń sọ. Ẹni tó kọ ọ́ dé etí odò náà lẹ́ẹ̀kan, bóyá lóṣù kejìlá tí ọyẹ́ ń fẹ́, ó bá omi tó mọ́ gaara lórí àpáta, ó ya fótò, ó kọ ìlà mẹ́ta, ó bá tiẹ̀ lọ. Ẹni tó wá di ìwé yẹn mú wá sí Ṣábẹ̀, ìlú Yorùbá ní Benin tí àwọn Faransé ń kọ ní Savè, lóṣù kẹsàn-án, odò tó kún dẹ́nu tó ń ru gùdù ló máa bá, ẹni tó bá sì dé lóṣù kẹta lè má rí ju omi àdágún aláwọ̀ ewé kan lọ tí màlúù ń mu nínú ẹ̀. Ìwé ò yí padà, odò ló yí padà, torí náà gbogbo ọgbọ́n tó wà nídìí lílo irú ìwé yìí ò ju kéèyàn mọ bó ṣe máa tú ìlà mẹ́ta yẹn wá sí ọjọ́ tóun fúnra ẹ̀ fẹ́ lọ.

Tó bá jẹ́ ti Benin, òkè àríwá lọ́hùn-ún làwọn ìwé atọ́nà sábà máa ń kọ dáadáa, omi Kota lẹ́gbẹ̀ẹ́ Natitingou àti omi Tanongou lápá Tanguiéta, ibi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta sínú ibú téèyàn lè wọ̀. Tó bá ti dórí Ṣábẹ̀, òkè ni wọ́n ń yà ní fótò, àwọn òkè roboto tí àwọn Faransé ń pè ní ọmú Ṣábẹ̀, wọn á wá fi gbólóhùn kan kọjá lórí odò. Ẹni tó fẹ́ omi ní láti ka ìwé pẹ̀lú máàpù lọ́wọ́ kejì nìyẹn.

Kí ló dé tó jẹ́ Ṣábẹ̀, tí kì í ṣe Kétu tàbí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)? Òkúta ni. Ọ̀sà ló wà ní Àjàṣẹ́, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ẹrẹ̀ ni, omi ibẹ̀ tẹ́jú, kò sóhun tó máa gbẹ́ ibú síbẹ̀. Kétu ní tiẹ̀ wà lórí ilẹ̀ pupa tó ga, òjò tó bá rọ̀ síbẹ̀ ńṣe ló ń rì wọlé, ìdí nìyẹn tí kànga ibẹ̀ fi jìn bẹ́ẹ̀ tí omi sì fi ṣọ̀wọ́n fún wọn látayébáyé. Ṣábẹ̀ jókòó lórí àpáta líle, granite. Odò tó bá ń ṣàn lórí àpáta ò lè gbẹ́ ọ̀nà ẹ̀ lọ gbọọrọ bó ṣe wù ú, ibi tí àpáta ti sán ló máa ráyè wọ̀, ibi tó bá ti já bọ́ láti orí òkúta kan ló máa gbẹ́ ìsàlẹ̀ sí. Òkúta kéékèèké tí omi bá gbé dé ibẹ̀ á wá máa yí po yí po lójú kan bí ọmọ ọlọ, á máa lọ àpáta yẹn láti ọdún dé ọdún títí ibẹ̀ á fi jin bí inú odó. Ẹni tó bá rìn lórí àpáta etí odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa rí i, ihò roboto tó dán mọ́rán, òkúta tó gbẹ́ ẹ ṣì máa wà nísàlẹ̀ ẹ̀ nígbà míì. Ibú ńlá téèyàn ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀, irú iṣẹ́ kan náà ni, ó kàn tóbi ju ìyẹn lọ ni.

Máàpù tí Institut Géographique National, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ya máàpù, ṣe, èyí tó jẹ́ 1/200 000, sẹ̀ǹtímítà kan lórí ẹ̀ jẹ́ kìlómítà méjì nílẹ̀. Ibú tó fẹ̀ tó mítà 20, ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà ló máa jẹ́ lórí bébà, ojú bírò tóbi jù ú lọ. Kò sẹ́ni tó máa rí ibú lórí máàpù náà láé, àmì ẹ̀ lèèyàn ń wá. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn, níbi tí méjì mẹ́ta wọn bá ti sún mọ́ra tí wọ́n sì dábùú ìlà búlúù odò, omi ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Níbi tí wọ́n bá kọ "rapides" sí, àpáta wà nínú omi níbẹ̀. "Gué" ni ibi tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ la odò kọjá, omi ibẹ̀ ò jìn, àmọ́ ọ̀nà dé ibẹ̀, ìyẹn gan-an sì ni wàhálà tó pọ̀ jù. Tí ìlà búlúù bá wá gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ, odò yẹn máa ń gbẹ, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e lẹ́yìn oṣù kìíní.

Èyí tó dáa jù nínú gbogbo ẹ̀, tó sì jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ọ́n, ni fótò sátẹ́láìtì. Google Earth ti orí kọ̀ǹpútà máa ń tọ́jú fótò àtijọ́, èèyàn lè fà á padà sẹ́yìn. Ẹ má wo ti ìgbà òjò, nígbà yẹn gbogbo odò rí bákan náà, omi pupa láti etí dé etí. Fótò oṣù kejì tàbí ìkẹta ni kẹ́ ẹ wá. Odò ti fà nígbà yẹn, iyanrìn àti àpáta ti yọ síta, funfun àti eérú ló ń hàn, ẹ wá wò ó dáadáa láàárín ẹ̀, ẹ máa rí ibi dúdú kan níhìn-ín, ibi dúdú kan lọ́hùn-ún bí ilẹ̀kẹ̀ tó já. Ibi dúdú tí ò gbẹ títí ẹ̀ẹ̀rùn fi ń parí lọ, ibú nìyẹn. Tí ibì kan náà bá ṣì dúdú nínú fótò ọdún mẹ́ta tó yàtọ̀ síra, tó sì sún mọ́ ibi tí ìwé ń júwe, ó dá mi lójú ju ohunkóhun tí ìwé kọ lọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àsìkò. Odò méjì ló gba agbègbè yìí, Ouémé lápá ìwọ̀ oòrùn Ṣábẹ̀, Okpara lápá ìlà oòrùn, ìyẹn tó tún jẹ́ ààlà Benin pẹ̀lú Nàìjíríà níbi púpọ̀ (kéèyàn lúwẹ̀ẹ́ lọ sí etí kejì, kó sì bá ara ẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè láìní páálí lápò). Omi máa ń kún jù láti oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá, á wá fà títí oṣù kẹta ìkẹrin tó fi máa fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣàn mọ́. Ìparí oṣù kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ló dáa jù, omi ti mọ́ lójú, ó ṣì ń ṣàn. Ohun tó máa ń ṣi àlejò lọ́nà ni pé omi tó ń gba abẹ́ afárá Ṣábẹ̀ kọjá kì í ṣe òjò Ṣábẹ̀ nìkan, ti Ouémé ń bọ̀ láti apá Djougou, ti Okpara tó ń gba Kaboua kọjá ń bọ̀ láti apá Parakou. Òjò lè rọ̀ lọ́hùn-ún lónìí kí oòrùn máa ran yòò ní Ṣábẹ̀, tó bá wá di ọ̀la tàbí ọ̀tunla kí odò kún láìsí kíkán òjò kan. Tí omi tó mọ́ bá ṣàdédé pọ́n, tí ewé àti ìtì igi bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó kọjá, tí ìró ẹ̀ sì yí, ẹ jáde, ẹ má dúró kó aṣọ.

Àwọn nọ́ńbà tí ìwé máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ibì kan, ti GPS, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ìwé míì máa kọ 8°30′, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù á wá tẹ 8.30. Kì í ṣe nǹkan kan náà o! 30′ jẹ́ ìdajì, 8.5 ló yẹ kó tẹ̀, àṣìṣe yẹn nìkan máa gbé e sí ibi tó fi kìlómítà 22 jìnnà, nínú igbó ẹni ẹlẹ́ni. Kí wọ́n sì ti wa máàpù sílẹ̀ sórí fóònù látilé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í tẹ̀ lé èèyàn dé etí odò.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, orúkọ. Lẹ́tà Faransé ni ìwé fi kọ orúkọ ìlú Yorùbá, "ou" ni u, "è" ni ẹ, ẹni tó bá ka Kétou àti Savè bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lè rẹ́ni tó máa gbọ́ ọ nítorí gbogbo ayé ti mọ̀ wọ́n, àmọ́ abúlé kékeré tó bá pè báyẹn, wọ́n á kàn máa wò ó ni. Odò kékeré tún lè ní orúkọ mẹ́ta lábúlé mẹ́ta. Àti pé kò sẹ́ni tó mọ "piscine naturelle" tí ìwé kọ. Ibú ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ rọra o, ẹni tó bá kàn dédé dé tó ní "ibo ni ibú wà?" lè rí i kójú àgbàlagbà yí padà, torí ibú lọ́pọ̀ ibi ni ilé òrìṣà, ẹja inú ẹ̀ gan-an wọn kì í pa á. Ìbéèrè tó máa ń mú èsì tó dáa wá ni "Ẹ kúulé o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ibo làwọn ọmọ yín ti máa ń lúwẹ̀ẹ́?" Ibi tọ́mọdé ti ń lúwẹ̀ẹ́ lóòjọ́, wọ́n mọ òkúta tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n mọ ibi tó ń fà. Tí bàbá bá sì ní wọn kì í wọ ibẹ̀, ó parí nìyẹn, bí fótò ibẹ̀ bá tiẹ̀ kún ojú ewé méjì nínú ìwé. Ọlọ́kadà zém tó ń gbé iṣu láti oko náà mọ ọ̀nà ju máàpù lọ, ẹ fún un lówó ẹ̀ dáadáa.

Ohun kan wà tí ìwé sábà máa ń kọ sí ẹ̀yìn pátápátá pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní, àrùn. Omi tí ò ṣàn tí koríko wà létí ẹ̀, ìṣáwùrú kéékèèké máa ń gbé ibẹ̀, inú wọn ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ti ń jáde tó ń gba awọ ara wọlé, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó fún un, ọ̀sán gangan ló sì máa ń pọ̀ jù nínú omi. Ẹni tó bá tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan kó lọ sọ ní ọsibítù pé òun wọ odò, oògùn ẹ̀ wà, praziquantel. Omi tó ń sáré lórí àpáta ò ní ìṣáwùrú tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ ni eṣinṣin dúdú kékeré tó ń fa àrùn ìfọ́jú ń yé sí, èyí tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú fọ́n oògùn sí lójú odò ní Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè míì nínú ètò kan tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1974, tó sì parí lọ́dún 2002. Wọ́n ti dín in kù gan-an, ṣùgbọ́n aṣọ gígùn létí odò ò pa ẹnikẹ́ni lára.

Téèyàn bá wá débẹ̀ tán, ọ̀pá ni ìwé tó kù. Ọ̀pá gígùn kan ni wọ́n fi ń wọn omi káàkiri kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọlé, kò sí forí bẹ́ sómi o, torí òkúta tí ò sí níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, odò lè ti gbé e dé. Apá ìsàlẹ̀ ibi táwọn obìnrin ti ń pọnmi ni wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́, kì í ṣe apá òkè.

Kí wọ́n tó padà sílé, wọ́n á mú pẹ́ńsù, wọ́n á kọ ọ́ sí etí ojú ewé yẹn nínú ìwé: oṣù wo, omi dé ibo lára ọ̀pá, àwọ̀ ẹ̀, orúkọ tí wọ́n ń pe ibẹ̀ lábúlé, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ kí.