Kí ni “deliberate practice” fún àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ọkàn?

Òun ni kí èèyàn mú ẹyọ ibì kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, kó máa ṣe é léraléra lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí onítọ̀hún máa tọ́ka sí ibi tó kù sí. Iṣẹ́ tí Anders Ericsson, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, ṣe lórí àwọn tó ń ta fayolíìnì ní Berlin, tó jáde ní 1993, ló gbé orúkọ náà jáde. Àwọn télọ̀ Ọjà-Ọba ní Òṣogbo ò dúró de ìwé kó tó yé wọn: bí kọ́là tí ọmọṣẹ́ rán bá wọ́, ọ̀gá á tú kọ́là yẹn nìkan, á ní kó tún un rán.

Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn títì ni olùtọ́jú ọkàn ti ń ṣiṣẹ́ ní tiẹ̀. Ohun tó bá rántí ló máa ròyìn fún ọ̀gá. Ìwádìí kan ní 2016 wo 170 olùtọ́jú àti àwọn tó lé ní 6,500 tí wọ́n tọ́jú. Lápapọ̀, pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ò mú kí ìtọ́jú wọn dára sí i.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo fídíò kéékèèké, tí òṣèré ti ń ṣe bí ẹni tó wá gba ìtọ́jú tínú ń bí. Akẹ́kọ̀ọ́ á fèsì lójú ẹsẹ̀.

Ká ní Òṣogbo níbí ni, tí ìyá kan sọ pé: “Ọmọ kékeré bíi tìẹ, kí lo mọ̀ nípa ilé ọkọ?” Akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn: “Mo kàwé gboyè lórí ẹ̀, mà.” Ọ̀gá dá a dúró: “O ń gbèjà ara ẹ, ohùn ẹ sì ti lọ sókè. Tún un sọ.” Ó tún un sọ, ó yára jù. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó rọra ní: “Ẹ̀rù ń bà yín pé kò ní yé mi, mà. Ẹ ò jẹ̀bi. Èwo lẹ rò pé ó lè má yé mi níbẹ̀?” Ìgbà yẹn ni ọ̀gá tó mi orí. Bó bá ti mọ́ ọn lára, wọ́n á mú fídíò tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lójú tèmi, “ẹ ṣáà máa gbàdúrà” ló yẹ káwọn tiwa kọ́kọ́ fi dánra wò láti má sọ. Ó máa ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ ẹlẹ́kún lẹ́nu.

Wọ́n tún máa ń gba èsì lẹ́nu ẹni tí wọ́n ń tọ́jú gan-an, lẹ́yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan: ṣé ó rí i pé wọ́n gbọ́ òun? Fọ́ọ̀mù kékeré ló dáa jù fún ìyẹn, torí tí ẹ bá bi ìyá yẹn lójúkojú, “ẹ ṣeun, ó dáa” ló máa sọ, ì báà má tiẹ̀ padà wá mọ́.