Ìjánu inú ọpọlọ: iṣẹ́ tí dopamine ń ṣe gan-an

"Dókítà, wọ́n ní dopamine ni kẹ́míkà ìdùnnú. Ṣé àìnídùnnú ló wá fa àìsàn mi ni?" Àwọn tó ní àìsàn Parkinson, èyí tó ń mú kí ara gan kí ìrìn sì falẹ̀, máa ń bi mí bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dùn mí, torí wọ́n ti ń dá ara wọn lẹ́bi lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Rárá o. Ìnagijẹ tí wọ́n fún dopamine yẹn ló ń ṣi ènìyàn lọ́nà.

Sẹ́ẹ̀lì tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ síra wọn nínú ọpọlọ tó bílíọ̀nù 86. Bí gbogbo wọn bá ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, gìrì ni yóò mú ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan nínú wọn fi wà fún dídá àwọn yòókù lẹ́kun. GABA ni kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe é: sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá tú u sí lára yóò rọlẹ̀.

Apá ọpọlọ kan wà tó ń tú GABA láìsinmi sórí thalamus, ìyẹn apá tó ń ta ibi tó ń darí ìrìn ara jí, bí ẹni tó di ìjánu ẹṣin mú ṣinṣin. Ẹṣin náà lágbára, ìjánu ni kò jẹ́ kó rìn. Kí ọwọ́ yín tó lè gbé ife omi, àfi kí ẹnì kan dẹ ìjánu náà.

Apá ọpọlọ mìíràn tí wọ́n ń pè ní striatum ló ń ṣe ìyẹn. Nínú 100 sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, nǹkan bíi 95 ló ń lo GABA, oríṣi méjì ni wọ́n sì pọ̀ sí jù. D1 àti D2 ni orúkọ ojú tí wọ́n fi ń gba dopamine. Àwọn tí ń fi D1 gbà á a máa ta gìrì bó bá dé. Wọn á dá ẹni tó di ìjánu mú lẹ́kun, ọwọ́ á sì gbé. Àwọn tí ń fi D2 gbà á ló ń mú kí ìjánu le sí i, ṣùgbọ́n bí dopamine bá kàn wọ́n, agbára wọn á dínkù, GABA tí wọ́n ń tú náà á sì dínkù. Kẹ́míkà kan ṣoṣo ta oríṣi kan jí, ó pa èkejì lẹ́nu mọ́, ibì kan náà ni iṣẹ́ méjèèjì sì já sí. Títí di òní, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Nínú àìsàn Parkinson, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè dopamine ń kú díẹ̀díẹ̀. D1 kò rí ẹni ta á jí, D2 ń ṣe bó ṣe wù ú, ìjánu wá le gan-an. Ara á gan, ìrìn á falẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹran ara kò ní àbùkù kankan. Ní 1957, Arvid Carlsson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden fún àwọn ehoro ní reserpine, oògùn tó ń gbọ́n dopamine dànù, àwọn ehoro náà sì dákú-dájí. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní L-DOPA, ohun tó lè wọ inú ọpọlọ kó sì di dopamine níbẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Carlsson gba ẹ̀bùn Nobel ní 2000.

L-DOPA yìí náà là ń pè ní levodopa. Òun la fi ń tọ́jú yín torí pé dopamine fúnra rẹ̀ kò lè kọjá láti inú ẹ̀jẹ̀ sínú ọpọlọ. Bó bá pọ̀ jù, ìjánu á dẹ̀ kọjá ààlà, ara á máa mì láìjẹ́ pé ènìyàn fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Haloperidol, tí wọ́n ń fún àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú, ń dí ojú D2, dopamine kò sì ní lè pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Bí ara ẹni yín tó ń lò ó bá ń gan, ẹ tètè sọ fún dókítà rẹ̀. Ẹ má dá oògùn náà dúró fúnra yín, ẹ má sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí levodopa, torí dídá a dúró lójijì lè fa ibà ńlá àti ara gígan tó lè gba ẹ̀mí.