Bí VM ṣe ń kó kúrò lórí VMware lọ sí Proxmox

Kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní VM, kò ní irin kankan lára. Fáìlì lásán ni. Fáìlì ńlá kan ni dísìkì rẹ̀, fáìlì kékeré mìíràn ló sì ń sọ iye mẹ́mọ́rì, CPU àti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó jẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà, àwọn èèyàn máa ń rò pé kí àwọn ṣáà da fáìlì náà kọ sórí ẹ̀rọ tuntun, kí àwọn tẹ bọ́tìnnì, iṣẹ́ ti parí. Òótọ́ ni pé dída fáìlì kọ kò le. Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé Windows tàbí Linux tó ń gbé inú fáìlì yẹn yóò jí sínú ilé tí kò dé rí, yóò wá máa tá ràrà bí ayálégbé tó kó dé lóru, tí kò mọ ibi tí bọ́tìnnì iná wà.

Ìṣíkiri yìí pọ̀ sí i láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ Broadcom ti ra VMware, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ètò tí ń gbé VM ró, ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún yẹn, wọn ò ta láísẹ́ńsì tí èèyàn máa ń rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́. Owó tí èèyàn á máa san léraléra ló kù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó ẹrù kúrò ló ń kó lọ sórí Proxmox, iṣẹ́ ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Vienna, èyí tó dúró lórí KVM àti QEMU, ètò méjì tí ń jẹ́ kí Linux gbé VM ró, tí èèyàn sì lè lò láìsan kọ́bọ̀.

VM ò tíì kúrò nílé àtijọ́ tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. VMware Tools, àkójọ ètò VMware tí wọ́n fi sínú VM, ni a ó kọ́kọ́ yọ. Tó bá fi lè bá VM náà dé orí Proxmox, ètò tó yẹ kó yọ ọ́ yóò wo ọ̀tún wo òsì, yóò rí i pé òun kò sí lórí VMware mọ́, yóò sì yarí pé òun ò ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá gbàgbé, ọwọ́ ni yóò fi máa hú u jáde nínú registry, ibi tí Windows ń kọ ètò rẹ̀ sí. Àdírẹ́sì IP náà, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Tí BitLocker, àgádágodo Windows, bá wà lórí dísìkì, kí kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà rẹ̀ wà nítòsí, torí TPM, àpótí kọ́kọ́rọ́ tí VM náà gbára lé, kò ní bá a lọ. Lẹ́yìn èyí, a ó pa VM náà pátápátá. Pípa ni o, kì í ṣe pé ká mú un sùn. Windows 10 sì gbọ́n ẹ̀wẹ́: tí a bá tẹ Shut down, ìdajì oorun ló máa ń sùn nígbà mìíràn. Àṣẹ shutdown /s /t 0 ló ń pa á tán.

Ó wá kan àwọn fáìlì. Ká ní isiro ni orúkọ VM náà. Nínú fóódà rẹ̀ lórí ESXi, ètò VMware tó ń gbé VM ró, isiro.vmdk wà, isiro-flat.vmdk náà wà. Ìlà ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló wà nínú èyí àkọ́kọ́. Notepad lè ṣí i. Ó ń ṣàpèjúwe bí dísìkì ṣe tó àti ibi tó wà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú èyí tó ní flat ni dísìkì gan-an wà. Ẹni tó da isiro.vmdk nìkan kọ, tí inú rẹ̀ ń dùn pé kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ìwé tí wọ́n kọ orúkọ ẹrù sí ló gbé, ẹrù ṣì wà nílé. Tí a bá tún rí isiro-000001.vmdk ńbẹ̀, a jẹ́ pé snapshot kan, àmì tí wọ́n fi pa ipò VM mọ́ ní ọjọ́ kan, wà nílẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ sórí dísìkì láti ọjọ́ tí wọ́n ti ya snapshot náà, inú fáìlì delta tàbí sesparse tó bá a rìn ló wà. Kí a pa wọ́n pọ̀ kí a tó gbéra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, VM yóò dé ilé tuntun tán, yóò sì padà di bó ṣe rí lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn.

VMDK ni VMware ń sọ, VDI ni VirtualBox, VHDX ni Hyper-V, qcow2 sì ni ti QEMU. Ohun kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Bí wọ́n ṣe dì í ló yàtọ̀. Ògbufọ̀ wọn ni qemu-img:

qemu-img convert -p -f vmdk -O qcow2 isiro.vmdk isiro.qcow2

Lẹ́tà p yẹn ló ń jẹ́ kí a rí ibi tí iṣẹ́ dé. Lórí Proxmox, àṣẹ qm importdisk máa ń ṣe ìyípadà yìí, á sì gbé dísìkì náà fún VM tuntun. Àmọ́ orí tábìlì ló ń gbé e sí, kò fi í sínú ẹ̀rọ: “Unused Disk 0” ni a ó rí lójú ìwé Hardware, àwa la ó sì so ó mọ́ ọn, tí a ó tún tò ó sí Boot Order. Ní ti àkókò, 100 GB lórí wáyà 1 Gb/s á gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lórí 100 Mb/s, ó ju wákàtí méjì lọ. Tí wọ́n bá sì mú iná lọ lágbedeméjì, qemu-img kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Ó di ọ̀tun.

Ìgbà tí VM bá fẹ́ jí ni ojú ń là. Lórí VMware, kọ̀ntírólà (alágbàsọ àárín ẹ̀rọ àti dísìkì) bíi LSI Logic tàbí PVSCSI ni Windows ń gbà bá dísìkì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èyí tó yá jù lórí Proxmox ni VirtIO SCSI, Windows kò sì ní driver rẹ̀, ìyẹn ètò tó yẹ kó fi bá a sọ̀rọ̀. Tí a bá tan án bẹ́ẹ̀, ohun gbogbo á kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ó dára, nítorí BIOS, ètò tó kọ́kọ́ ń jí ẹ̀rọ, ló ṣì ń bá a ka dísìkì: àmì Windows á yọ, àwọn kíún róbótó á máa yí. Bí Windows bá ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ BIOS báyìí, dísìkì á pòórá mọ́ ọn lójú, ojú ẹ̀rọ á di búlúù, INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE á jáde. Àyà máa ń já nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ kò sí fáìlì kan tó sọnù. Ọ̀nà yàrá ara rẹ̀ ni kò mọ̀.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i ni pé kí a kọ́kọ́ so dísìkì náà mọ́ SATA, èyí tí driver rẹ̀ wà nínú Windows tẹ́lẹ̀. Á jí, bó tilẹ̀ ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. A ó wá fi dísìkì òfìfo kékeré kan, 1 GB tó, kún un lórí VirtIO SCSI, a ó sì fi driver sí i láti inú virtio-win.iso, fáìlì tí driver VirtIO ti Windows wà nínú rẹ̀. Dísìkì kékeré yìí ni alárinà: torí pé Windows rí ohun kan lórí kọ̀ntírólà náà, yóò gba driver rẹ̀ wọlé tọkàntọkàn. Tí a bá kàn fi driver sílẹ̀ láìsí dísìkì kankan níbẹ̀, ó lè má pè é nígbà tó bá ń jí. Lẹ́yìn náà ni a ó pa VM, a ó tú dísìkì ńlá kúrò lára SATA, a ó so ó mọ́ SCSI, a ó tún Boot Order ṣe, alárinà á sì máa lọ sílé rẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé VM náà ò tilẹ̀ rí ohun tó máa fi jí, UEFI, arọ́pò BIOS, ló sábà máa ń fà á: VM náà ń lò ó lórí VMware, SeaBIOS, irú BIOS àtijọ́, sì ni Proxmox ń fún VM tuntun tí a kò bá yí i sí OVMF, tó jẹ́ UEFI tirẹ̀.

Linux kì í ṣe ìyọnu tó bẹ́ẹ̀. Driver VirtIO ti wà nínú kernel rẹ̀, ìyẹn ọkàn rẹ̀, tipẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn Linux ará ilé Red Hat máa ń di ìwọ̀nba driver tí ẹ̀rọ àtijọ́ ń lò sínú initramfs, fáìlì tí Linux kọ́kọ́ ń fi jí, nítorí náà kí a ṣe dracut -f --no-hostonly, kí driver yòókù lè wọ inú rẹ̀, kí wọ́n tó kúrò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló máa ń mú Linux. Káàdì tó ń jẹ́ ens192 lórí VMware lè di ens18 lórí Proxmox, bẹ́ẹ̀ ens192 ni wọ́n kọ sínú netplan, ètò tó ń to nẹ́tíwọ́ọ̀kì. VM á jí, á yá gágá, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àyàfi láti ojú Console ti Proxmox. Ti Windows tún yàtọ̀: káàdì àtijọ́ tí kò sí mọ́ ṣì ń di àdírẹ́sì IP mú bí òkú tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, títí a ó fi wá a jáde ní Device Manager lábẹ́ Show hidden devices, kí a yọ ọ́.

Láti Proxmox 8.2, ní ọdún 2024, wọ́n ti fi ètò kan sínú rẹ̀ tó lè wọ ESXi lọ fúnra rẹ̀, kó fa VM wá. Ó tilẹ̀ lè tan VM náà nígbà tí dísìkì ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Ìyẹn dùn, ṣùgbọ́n tí wáyà bá já kó tó dé tán, gbogbo ohun tí wọ́n kọ láti ìgbà tó ti jí á dàwátì. Fún VM ìṣirò owó, ó sàn kí a pa á kí a sì dúró.

VM àtijọ́ lórí ESXi, kí a má tíì pa á rẹ́, ṣùgbọ́n kí a tú káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, kí a sì yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó ń tan fúnra wọn. Iná á lọ lóru, á dé láàárọ̀, ESXi á jí, á sì jí gbogbo ọmọ rẹ̀. Isiro méjì á wá wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pẹ̀lú àdírẹ́sì kan náà, àwọn akọ̀wé á sì máa kọ owó sínú èyí tó bá kọ́kọ́ dá wọn lóhùn.