Ohun tó ń gbé ẹgbẹ́ àṣà Írẹ́lándì ró ní yunifásítì Amẹ́ríkà

Ọdún mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ní yunifásítì Amẹ́ríkà kí wọ́n tó gboyè jáde. Tó bá fi máa di ọdún karùn-ún, ó ṣeé ṣe kó má ku ẹnì kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ àṣà Írẹ́lándì wà ní ọgbà ilé-ìwé púpọ̀, wọn kò sì kú.

Ìwé ló ń ṣáájú. Wọ́n á kọ òfin ẹgbẹ́, wọ́n á yan ààrẹ, akọ̀wé àti akápò, wọ́n á wá olùkọ́ kan tí yóò máa bójú tó wọn, ilé-ìwé á sì forúkọ wọn sílẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n tó lè béèrè owó nínú àpò tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń dá sí. Ní 2000, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà gbà nínú ẹjọ́ Southworth pé yunifásítì ìjọba lè gba irú owó bẹ́ẹ̀, bí kò bá ti fi èrò ẹgbẹ́ kankan ṣe ojúsàájú nígbà tó bá ń pín in. Owó gbogbo ayé ni, nítorí náà a kì í sábà béèrè orírun ẹni lẹ́nu ọ̀nà.

Àmọ́ owó kọ́ ló ń mú èèyàn padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Ijó ni. Céilí ni wọ́n ń pe àpéjọ ijó náà. Lọ́ńdọ̀nù ni Conradh na Gaeilge, ẹgbẹ́ tó ń gbé èdè Írẹ́lándì lárugẹ, ti kọ́kọ́ ṣe é lábẹ́ orúkọ yìí ní 1897, láàárín àwọn ọmọ Írẹ́lándì tó ti kúrò nílé.

Ẹ wo ijó Walls of Limerick. Èèyàn méjì á kọjú sí èèyàn méjì. Wọ́n á lọ síwájú, wọ́n á padà sẹ́yìn, lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn obìnrin á pààrọ̀ àyè, àwọn ọkùnrin náà á pààrọ̀. Kálukú á di ẹni tó wà lọ́kànkán rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á padà. Lẹ́yìn náà, oníkálukú á bá ẹnìkejì rẹ̀ jó yípo, wọ́n á sì kẹ́yìn sí àwọn tí wọ́n ń bá jó tẹ́lẹ̀ láti pàdé àwọn méjì mìíràn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò mọ ìgbésẹ̀ kankan ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń fà á lọ síbi tó yẹ. Kí orin tó dákẹ́, ó ti mọ ijó, ó sì ti mọ ojú àwọn èèyàn. Kò sí ìwé ìpolówó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Gaeilge, èdè Írẹ́lándì, ló le jù. Yunifásítì Notre Dame ní ẹ̀ka èdè náà; níbòmíràn, Fulbright, ètò pàṣípààrọ̀ ẹ̀kọ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà, ló máa ń mú olùkọ́ wá láti Írẹ́lándì, bó ṣe ń mú olùkọ́ Yorùbá wá láti Nàìjíríà. Níbi tí olùkọ́ bá wà, ẹgbẹ́ a rí ẹni tí wọn yóò máa bá sọ ọ́ nídìí tíì.

Ọjọ́ Patrick Mímọ́, àjọ̀dún àwọn ará Írẹ́lándì ní 17 oṣù Kẹta, lèrò máa ń pọ̀ jù. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: ìdìbò. Ó yẹ kó wáyé kí àsìkò ìdánwò tó dé, kí ìjòyè tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ lè jọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nọ́ńbà àwọn olórin, ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì ẹgbẹ́, ìwé ìnáwó, orúkọ ẹni tó ń pe ìgbésẹ̀ ijó: gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni tuntun kí wọ́n tó lọ fún ìsinmi.